Ẹgbẹ́ orin àbí mindfulness: èwo lẹ máa mú tí ọkàn ò bá balẹ̀?

Ọjọ́ tí àyà mi kọ́kọ́ ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì bíi pé olè ń lé mi, inú bọ́ọ̀sì BRT l'Ékòó ni mo wà, a ti kúrò ní Ágíríìkì, à ń sún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lọ sí Mile 12, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn mí, ẹnikẹ́ni ò bú mi. Òógùn ṣáà bò mí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo ní ó parí, ikú ti dé, mo sì ti ń rò ó pé ta ló máa lọ mú àwọn ọmọ níléèwé. Màmá kan tó jókòó tì mí ló rí mi. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan, wọ́n kàn di ọwọ́ mi mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì kan wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n ní "bá mi gbè é, ọmọ mi." Mo gbè é. Ohùn mi ń gbọ̀n bíi ti ewúrẹ́, àmọ́ mo gbè é. Ká tó dé Kétu, ara mi ti wálẹ̀.

Dókítà tí mo lọ rí lọ́sẹ̀ yẹn wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó tẹ́tí sí ọkàn, ó ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo bó ṣe ń lù, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é, másùnmáwo ló ti kó jọ tó wá ń gba ibẹ̀ jáde. Ó ní kí n lọ kọ́ mindfulness, ìyẹn kéèyàn máa jókòó jẹ́ẹ́ kó fọkàn sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ báyìí. Àbúrò mi obìnrin gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló fẹ́ máa jókòó máa wo imú ara ẹ̀, kí n tẹ̀ lé òun lọ sí ẹgbẹ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àwọn ní Ìgbógbo lọ́jọ́ Sátidé. Mo ṣe méjèèjì. Ó ti ń lọ sọ́dún mẹ́ta báyìí, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni mo ń ṣe é dáadáa, ẹ má rò pé wòlíì kan ló ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo rí ni pé ibi tí ọ̀kan ti lágbára gan-an ni èkejì ti máa ń já èèyàn kulẹ̀. Orin ẹgbẹ́ dáa fún ẹni tí ìdánìkanwà ń jẹ, torí àwọn èèyàn ń dúró dè é níbẹ̀, tí ò bá wá wọ́n á pè. Mindfulness dáa fún ibi tí ẹnì kankan ò lè bá yín dé, bí aago méjì òru, bí ẹnu ọ̀nà yàrá ìdánwò, bí inú ọkọ̀ tó há. Torí náà kẹ́ ẹ tó bèèrè èyí tó dáa jù, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí tiyín ti máa ń wá bá yín.

Kí ni wọ́n ń pè ní mindfulness yìí gan-an?

Kì í ṣe kí orí ṣófo o. Kò sẹ́ni tí orí ẹ̀ ń ṣófo, pàápàá ní Ìkòròdú. Kéèyàn dìídì fi ọkàn sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ báyìí-báyìí ni, bóyá mímí, bóyá àtẹ́lẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀, bóyá ìró tó ń wọlé látìta, kó sì máa wò ó láìbá a jà. Ọkàn á sá lọ sídìí owó ilé, ẹ máa mú un padà. Á tún sá lọ, ẹ tún mú un padà. Mímú un padà yẹn gan-an niṣẹ́ náà, ẹni tó mú un padà nígbà ọgọ́rùn-ún ò kùnà, iṣẹ́ ló ṣe.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Jon Kabat-Zinn ló sọ ọ́ di nǹkan ilé ìwòsàn lọ́dún 1979, ní yunifásítì ìṣègùn Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ló ti kọ́ ọ, ó yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kúrò nínú ẹ̀, ó ń fi kọ́ àwọn aláìsàn tí ìrora wọn ò lọ bọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ètò ẹ̀: ìpàdé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó ń gba bíi wákàtí méjì ààbọ̀, ọjọ́ kan gbáko tí wọ́n á fi dákẹ́, àti bíi ìṣẹ́jú 45 lójoojúmọ́ nílé. Ìṣẹ́jú 45! Èmi tí mò ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ kí n tó bá ọkọ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀, a máa dé orí ìyẹn.

Nínú ètò yẹn, wọ́n máa ń fún èèyàn ní èso àjàrà gbígbẹ ẹyọ kan, wọ́n á ní kó wò ó, kó gbóòórùn ẹ̀, kó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bíi pé kò rí irú ẹ̀ rí. Èmi ò ní àjàrà gbígbẹ, ẹ̀pà ni mo fi ṣe tèmi. Mo mú ẹyọ ẹ̀pà yíyan kan, mo fi ìka méjì yí i, awọ pupa ẹ̀ ń ṣí kúrò bíi bébà tó ti gbó, mo fi í sẹ́nu mi ò rún un, iyọ̀ ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn ẹ̀ ni òórùn yanrìn tí wọ́n fi yan án. Láti kékeré ni mo ti ń jẹ ẹ̀pà, mi ò mọ̀ pé ẹ̀pà ń rùn yanrìn. Ìgbà tí mo fi jẹ ẹyọ kan yẹn tán, mi ò rántí owó ilé rárá.

Ẹgbẹ́ orin ńkọ́?

Èyí ò gba àlàyé púpọ̀, inú ẹ̀ la bí wa sí. Kwáyà ni, asalátù àwọn ìyá láàárọ̀ Sọ́ńdè ni, àwọn ọmọ tó ń fi wéré jí èèyàn sí sààrì ni, àwọn obìnrin oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni, àwọn tó ń kọ́ dùndún nírọ̀lẹ́ ni. Àmọ́ ẹ wo bí orin wa ṣe rí: ẹnì kan á lé e, àwọn tó kù á gbè é. Ẹni tí àyà ẹ̀ ń já, mi ò mọ ipò tó dáa fún un tó ipò elégbè. Ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ohùn ẹ̀ lọ́tọ̀. Tó bá yà bàrá, ohùn àwọn tó kù á bò ó. Ohun tó máa gbè ò ju gbólóhùn kan sí méjì, tí wọ́n bá fi máa lé e lẹ́ẹ̀kẹta ó ti mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó máa ní kó dìde wá sọ ohun tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mi, wọ́n gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, mo rò pé kéèyàn ṣáà máa mì í ni. Ìyá tó ń kọ́ wa wò mí títí, wọ́n ní "ìyàwó, ṣé gàrí lò ń jọ ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Wọ́n fi hàn mí. Ọwọ́ òsì á di ọrùn akèrègbè mú, ọwọ́ ọ̀tún á gba ìdí ẹ̀, ẹ ò ní gbá a, ńṣe lẹ máa jù ú díẹ̀ tẹ́ ẹ ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ pàdé ẹ̀, ìdí akèrègbè á dún gbùm, àwọn ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n so mọ́ àwọ̀n ara ẹ̀ á tẹ̀ lé e, ṣà. Gbùm, ṣà. Ẹlẹ́gogo ń lu tiẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò yí i padà, kò sáré, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ọkàn mi bá ti sá lọ sí ọ́fíìsì pẹ́rẹ́n, ṣà tèmi á bọ́ síwájú gbùm tiwọn, ìyá á sì ti gbójú sókè.

Ibẹ̀ ni mo ti wá rí i. Tẹ́ ẹ bá jókòó jẹ́ẹ́ nílé, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa mú ọkàn yín padà, ní gbogbo ìgbà, láìsẹ́ni tó ń ràn yín lọ́wọ́. Nínú ẹgbẹ́, agogo ló ń mú un padà fún yín. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹni tó ti rẹ̀ pátápátá, tí kò lágbára àtifi ipá mú orí ẹ̀ ṣe ohunkóhun mọ́, ẹgbẹ́ ló máa tètè rọ̀ fún. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ yẹn náà wà: agogo ò bá yín délé. Bí orí yín ò bá kọ́ bó ṣe máa ń dá padà fúnra ẹ̀, aago méjì òru á kàn dé ni, ẹlẹ́gogo ti ń sùn nílé tiẹ̀.

Nínú ara, wọ́n pàdé

Ẹni tó bá ń kọrin, bó fẹ́ bó kọ̀, á máa tú èémí jáde pẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ló máa fa afẹ́fẹ́ sínú kíákíá, á wá máa ná an díẹ̀díẹ̀ títí gbólóhùn á fi parí. Èémí tó ń jáde pẹ́ yìí máa ń bá iṣan kan sọ̀rọ̀ tó ti ọpọlọ sọ̀kalẹ̀ gba ọrùn lọ sí ọkàn àti ikùn, vagus ni wọ́n ń pè é, òun ló máa ń sọ fún ọkàn pé kó rọra lù. Lọ́dún 2013, àwọn olùwádìí ní Gothenburg ní Sweden wo ọkàn àwọn ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 18 bí wọ́n ṣe ń kọrin pọ̀, ọkàn wọn ń yára ó sì ń rọra pa pọ̀, torí ibi kan náà ni orin ti ń jẹ́ kí wọ́n mí. Ìyẹn ni màmá inú BRT ṣe fún mi láìka ìwé kankan.

Àwọn tó ń kọ́ni ní mímí náà, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ, mímí bíi mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ìtújáde pẹ́ ju ìfàsínú lọ. Torí náà lọ́rọ̀ ara, ọ̀nà méjì sí ọjà kan náà ni. Ọ̀rọ̀ èèyàn, owó àti àkókò ló yà wọ́n.

Ẹ̀rí wo ló wà?

Tó bá jẹ́ ti ìwádìí nìkan, mindfulness ló ní ìwé lọ́wọ́ jù. Lọ́dún 2014, àwọn kan ní Amẹ́ríkà kó àyẹ̀wò 47 jọ, èèyàn 3,515 ló wà nínú ẹ̀, wọ́n rí i pé ó ń dín àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kù níwọ̀nba, kì í ṣe bí àwọn tó ń tà á ṣe ń pariwo ẹ̀. Wọn ò rí i pé ó ju eré ìmárale tàbí oògùn lọ. Lọ́dún 2022, wọ́n mú èèyàn 276 tí àníyàn ti di àìsàn fún, wọ́n ní káwọn kan ṣe ètò ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yẹn, káwọn tó kù máa lo escitalopram, oògùn tí dókítà máa ń kọ fún irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Nígbà tó parí, àwọn onímindfulness ò gbẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe pé kí ẹni tó ń lo oògùn lọ dà á sí gọ́tà o, dókítà tó kọ ọ́ lẹ máa bá sọ̀rọ̀.

Ti orin kéré, àmọ́ ó dùn-ún gbọ́. Ní London, wọ́n ní káwọn tó ń gba ìtọ́jú ọpọlọ wá máa lu ìlù pọ̀, ìṣẹ́jú 90 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2016: àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì wálẹ̀, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ kò tíì padà. Àwọn onílù ọ̀hún ò ju 30 lọ, torí náà ẹ má fi búra. Èyí tí mo fẹ́ràn jù, ti àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun ni, lọ́dún 2018, èèyàn 134 tí inú wọn bàjẹ́ lẹ́yìn ìbímọ. Lára àwọn tí tiwọn le díẹ̀, àwọn tí wọ́n ní kó wá máa kọrin pẹ̀lú ọmọ wọn tètè gbádùn ju àwọn tó kàn ń gba ìtọ́jú tí wọ́n máa ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ. Àti ti Gambia, nítòsí wa níbí, tí wọn ò gbé nǹkan òyìnbó wá bá àwọn aláboyún: àwọn ẹgbẹ́ obìnrin kanyeleng, ẹgbẹ́ olórin tí àwọn tó ń wá ọmọ tàbí tí ọmọ ń kú mọ́ lọ́wọ́ máa ń wọ̀ láti ayébáyé, ni wọ́n lọ bá, àwọn yẹn ló ń darí ìpàdé orin lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó sì ṣe àwọn aláboyún náà láǹfààní. Mo ka ìyẹn, mo ní ṣé ẹ rí i, ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe níbi ìkómọjáde tí a ń pè ní ariwo.

Ìwádìí kan tún wà lọ́dún 2015 tó fi kíláàsì orin wé kíláàsì iṣẹ́ ọwọ́ àti ti ìwé kíkọ. Nígbà tó fi máa di oṣù méje gbogbo wọn ti mọra wọn bákan náà, àmọ́ àwọn olórin ló tètè mọra jù. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí Ìkòròdú torí ilé gbówó lórí níbi tó ti ń bọ̀, tí kò mọ ẹnikẹ́ni ládùúgbò, ẹ gbé ìyẹn sọ́kàn.

Owó

Mindfulness: dátà díẹ̀, tàbí òfo. Àwọn tó ń kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ wà lórí YouTube. Ẹ ṣọ́ra fún áàpù. Mo wa ọ̀kan sórí fóònù, wọ́n ní ọjọ́ méje lọ́fẹ̀ẹ́, mo gbàgbé láti pa á, wọ́n fi dọ́là yọ owó odindi ọdún lákáǹtì mi. Áàpù ìfọ̀kànbalẹ̀! Mi ò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹgbẹ́: wọ́n á ní owó ẹgbẹ́ ò pọ̀, òótọ́ sì ni, kò pọ̀. Ohun tí wọn ò ní sọ ni aṣọ. Ẹgbẹ́ kan tí mo tún wọ̀ yàtọ̀ sí ti Ìgbógbo, mi ò ní dárúkọ wọn, àǹkárá mẹ́ta la rà lọ́dún kan, léèsì kan, ìyá ààrẹ ẹgbẹ́ kú a dáwó, ọmọ akọ̀wé ṣègbéyàwó a dáwó, lẹ́yìn náà ni owó tó wà lọ́wọ́ akápò ò wá pé mọ́. Ìpàdé orin di kóòtù. A ó kọ orin ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a ó fi wákàtí kan jà. Mo wá ń bẹ̀rù Sátidé ju Mọ́ńdè lọ, ẹ wò ó, ibi tí mo wá torí kí àyà mi má já ló tún wá ń já mi láyà. Mo kúrò. Torí náà kẹ́ ẹ tó wọ ẹgbẹ́ kankan, ẹ lọ jókòó níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wo iye ìgbà tí wọ́n fi kọrin àti iye ìgbà tí wọ́n fi sọ̀rọ̀ owó, kẹ́ ẹ sì bèèrè ní gbangba pé aṣọ mélòó lọ́dún. Ẹgbẹ́ tó dáa ò ní bínú sí ìbéèrè yẹn. Ní Ìgbógbo, aṣọ funfun tó bá wà nílé lẹ máa wọ̀, ó tán.

Àkókò àti ọ̀nà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lọ Island lójoojúmọ́, ẹ má tan ara yín jẹ pé ẹ máa dé ìpàdé orin lọ́jọ́ iṣẹ́, Mile 12 máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Sátidé tàbí Sọ́ńdè ni, ládùúgbò yín, ibi tẹ́ ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé. Ẹgbẹ́ tó dáa tó wà ní Ìjẹ̀dẹ̀ tẹ́ ẹ sì ń gbé ní Ọdọ̀gúnyàn, oṣù kejì lẹ máa pa á tì.

Mindfulness ò lọ́nà tó ń gbà, àmọ́ òun náà ní ọ̀tá tiẹ̀: oorun. Ìṣẹ́jú 45 ò ṣeé ṣe fún mi rí, ẹ̀ẹ̀kan tí mo gbìyànjú ẹ̀ ọmọ mi ló jí mi. Mẹ́wàá ni mò ń ṣe, nígbà míì márùn-ún. Inú ọkọ̀ dáa fún un tẹ́ ẹ bá ríjókòó, àwọn tó ń gba ọkọ̀ ojú omi ní Ẹbúté sì ń jayé ju wa lọ, wọ́n á kàn máa wo omi ni, ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ á máa hó, tí onítọ̀hún bá lè fi fóònù sílẹ̀.

Ariwo

Gbogbo èèyàn ló ń sọ fún mi pé mindfulness ò lè ṣeé ṣe níbí torí ariwo. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan wọ́n mú iná lọ, ooru mú, mo jí ní bíi aago mẹ́ta, ọkàn mi ti bẹ̀rẹ̀ eré ẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń ké. Mo jókòó sórí ẹní, mo fẹ̀yìn ti ògiri torí ó tutù. Mo fa èémí sínú, ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Mo tú u jáde dé ẹ̀fà. Jẹnẹrétọ̀ ò jẹ́ kí n gbọ́ èémí ara mi, inú ń bí mi, mo wá ní ó dáa, ìwọ náà ni mo máa gbọ́. Mo tẹ́tí sí i. Ohùn kan kọ́ o, méjì ni: ọ̀kan nípọn nísàlẹ̀, ìkejì ń gbọ̀n rìrì lókè ẹ̀ bíi ìdérí ìkòkò tó ń hó. Oṣù mélòó ni mo ti ń ṣépè fún un, mi ò gbọ́ ọ rí. Mi ò mọ ìgbà tí mo sùn lọ, ìpè ìrun ìdájí ni mo gbọ́.

Fún ẹgbẹ́ orin, ariwo ò kàn wọ́n, àwọn gan-an ni ariwo. Ẹni tí ariwo bá ń dùn létí tàbí tí orí máa ń fọ́, kó jókòó jìnnà sí ìyáàlù, tàbí kó lọ sí kwáyà tí kì í lo ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Pásítọ̀ àti Àlùfáà ńkọ́?

Wọ́n máa bèèrè, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́. Àwọn kan ní mindfulness jẹ́ òrìṣà òyìnbó, àwọn kan ní ìlù ló jẹ́ òrìṣà. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tí ò bá fẹ́ orúkọ yẹn, kó pè é ní àṣàrò, ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú Bíbélì tí gbogbo wa ń kà, Mùsùlùmí tó bá ń ka tẹ̀súbáà láìkánjú lẹ́yìn ìrun náà mọ ohun tí mò ń sọ. Tó bá jẹ́ ìlù lẹ ò fẹ́, kwáyà àti asalátù wà, èémí kan náà ni wọ́n ń lò. Ẹ lọ síbi tí ọkàn yín ò ti ní máa dá yín lẹ́bi, torí ìdálẹ́bi náà, àníyàn ni.

Ẹni tó yẹ kó rọra ṣe

Tí nǹkan burúkú bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí, bí olè tó wọlé, bí jàǹbá ọkọ̀, bí ìfipábánilò, dídijú nínú òkùnkùn lè gbé gbogbo ẹ̀ padà wá. Ẹ má fipá jókòó. Ẹ lajú sílẹ̀, ẹ gbẹ́sẹ̀ lélẹ̀, ìṣẹ́jú méjì péré, tó bá sì ń le sí i, ẹ fi sílẹ̀, kì í ṣe pé ẹ ò ṣe é dáadáa, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló bá lára mu. Irú yín, ẹgbẹ́ orin ni mo máa kọ́kọ́ rán yín sí, nínú iná, láàárín èèyàn.

Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, kó mọ̀ pé orin lè ká a mọ́. Mo rí ọkùnrin kan tó sunkún láàárín ègbè, ìlù ò dúró, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kàn gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ó padà wá lọ́sẹ̀ kejì.

Àmọ́ ẹni tí ò sùn, tí ò jẹun fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, tàbí tó ń rò ó pé kí òun kú, ẹ má gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ fún un, ẹ má ní kó lọ máa mí. Ẹ gbé e lọ sí Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú, tàbí ilé ìwòsàn ọpọlọ tìjọba àpapọ̀ ní Yábàá, tó bá jẹ́ pàjáwìrì ẹ pe 112. Láti January 2023 ni ìjọba ti fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ tó gba ipò òfin wèrè ti 1958, kí ẹnikẹ́ni má fi Yábàá ṣe èébú fún yín.

Tẹ́ ẹ bá ní kí n bá yín mú un

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò ń já láyà: mímí. Ìyá ọlọ́mọ tuntun: orin, kó gbé ọmọ pọ̀n lọ. Bàbá tó ti fẹ̀yìn tì tí ilé ti dákẹ́ fún: orin, láìjanpata, kódà tó bá ní òun ò mọ orin kọ, ẹ fún un lágogo. Ẹni tó ń bá èèyàn ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, bíi kásíà báńkì, bíi nọ́ọ̀sì, bíi kọ̀ńdọ́kítọ̀, tí ojú èèyàn ti sú: kó jókòó jẹ́ẹ́ nílé, kò nílò èrò sí i. Onítìjú ńkọ́? Àwọn èèyàn máa ń rò pé mindfulness ló yẹ onítìjú, èmi ò gbà. Onítìjú ni mí, ipò elégbè ló gbà mí. Ẹni tí tiẹ̀ ń wá lóru, mímí ni kó kọ́, àmọ́ kó kọ́ ọ lọ́sàn-án nígbà tí ara balẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà lọ́jọ́ tí bíréèkì já.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ méjèèjì lọ́sẹ̀ kan náà, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ fún un ní oṣù méjì, ẹ máa kọ ọ́ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà pé mo sùn dáadáa, mi ò sùn. Mindfulness, ẹ so ó mọ́ nǹkan tẹ́ ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, bíi lẹ́yìn ìrun ìdájí tàbí kẹ́ ẹ tó jáde lórí bẹ́ẹ̀dì, ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Ẹgbẹ́ orin, ẹ wá ẹnì kan tó ti wà níbẹ̀ kó mú yín dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ má gba ìlù kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn, àtẹ́wọ́ ti tó. Kẹ́ ẹ sì jẹun díẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ.